Lánlọ́ọ̀dù Tí Kò Ní Ilé

Ilẹ̀ Stavky tẹ́jú débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ sín ní abúlé kejì, àwọn ará Stavky á ti kí i pẹ̀lẹ́ kó tó sín tán. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Saskatchewan, kò síbi tó tẹ́jú tó o. Nírú ilẹ̀ báyẹn, èèyàn ò lè fi nǹkan kan pamọ́, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́. Àmọ́ Orest Hnatiuk gbà tọkàntọkàn pé òun ti fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn látọdún tóun ti gbéyàwó, nǹkan náà sì tóbi ju àká lọ: ilé tó ń gbé kì í ṣe tiẹ̀.

Ti Lesia ìyàwó ẹ̀ ni. Bàbá àgbà Lesia, Prokop Wasyliw, ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ilé yẹn. Pátákó ara ẹ̀ nípọn débi pé ìjì tó ń ṣí ọkọ̀ ojú irin nídìí máa ń kanlẹ̀kùn níbẹ̀, á tọrọ àforíjì, á sì yà gba ibòmíì. Nígbà tí bàbá náà fẹ́ kú, Lesia ló fún ní gbogbo ẹ̀: ilé, kànga, àká, àti oko àlìkámà tó yí i ká. Orúkọ Lesia nìkan ló wà lórí ìwé. Orest bá ilé níbẹ̀ ni. Ó gbé ẹ̀rọ wẹ́dà tó fi ń jó irin jẹun sínú àká, ó fi fìlà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ilé mi rèé," bó ṣe di ilé ẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíì náà máa ń sọ "ilé mi" lóòótọ́. Àmọ́ tí Orest bá sọ tiẹ̀, màlúù á pa koríko ẹnu tì kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ibi tó ti máa ń sọ ọ́ jù ni ilé kọfí Nettie. Tábìlì gígùn kan wà lẹ́bàá fèrèsé níbẹ̀ tí àwọn àgbà ọkùnrin Stavky máa ń pagbo sí láràárọ̀. Tábìlì yẹn ló ń ṣàkóso ayé. Kí wọ́n tó mu ife kejì, wọ́n á ti yọ ìjọba kan nípò, wọ́n á ti pín òjò ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì ti mọ ọkọ̀ tó sùn síta ilé tí kò yẹ kó sùn sí. Orest nìkan ni ò tíì pé ogójì ọdún nínú wọn, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ti lé lọ́gọ́rùn-ún.

Baba Metro Dzuba làgbà wọn. Etí ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èyí tí wọn ò bá fẹ́ kó gbọ́. Òun ló sọ Orest ní Lánlọ́ọ̀dù.

"Lánlọ́ọ̀dù, òtútù àná ńkọ́? Ilé ẹ ò dì?"

"Baba, ẹ fi ilé mi sílẹ̀. Ilé mi gbóná débi pé yìnyín ò lè balẹ̀ sórí òrùlé ẹ̀. Tó bá rí i látòkè, á ṣẹ́rí padà."

"Ilé ẹ mà dáa o."

"Ilé mi ni, Baba."

Gbogbo tábìlì á bú sẹ́rìn-ín, Orest á sì gbà pé wọ́n ń yìn ín ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Nettie gbé agolo kọfí sílẹ̀ tó sọ fún wọn pé orúnkún òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun fẹ́ lọ bá ọmọ òun ní Kelowna, níbi tí òtútù kì í ti í bú ìyá èèyàn. Tí ẹni tó máa ra ilé kọfí ò bá yọjú títí di ọdún Àjíǹde, òun máa ti ilẹ̀kùn pa. Tábìlì dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú ife. Ibo ni wọ́n á ti máa ṣàkóso ayé?

Ẹnì kan wà tí inú ẹ̀ ò dàrú. Láti kékeré ni Lesia ti ń bá Nettie ṣe páì àti pẹ̀rógì, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n di ànàmọ́ sínú ẹ̀. Pẹ̀rógì Lesia dùn débi pé àlùfáà kan jẹ ẹ́, ó sì gbàgbé ìwàásù. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan, òun lòun máa ni ilé ìdáná yẹn. Lọ́jọ́ kejì, láìsọ fún ẹnì kankan, ó wakọ̀ lọ sí báńkì alájẹṣẹ́kù. Wọ́n ní àwọn máa yá a lówó tó bá lè fi ilé ẹ̀ dógò. Àmọ́ nǹkan kan kù.

Nídìí pẹ̀rógì náà ló ti sọ ọ́ fún Orest, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá.

"Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é láìsí ìbuwọ́lù ẹ."

Orest rora fi ṣíbí sílẹ̀. Àyà ẹ̀ wú débi pé bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. "Mo mọ̀. Àwọn báńkì ò gọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ni ilé."

"Rárá o, olówó orí mi. Torí pé o ò ni ilé ni."

"Kí ni?"

"Èmi tí mo nilé ni mo máa fi dógò. Àmọ́ ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ń gbé. Ẹni tórúkọ ẹ̀ ò sí lórí ìwé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án. Òfin ni. Kí ìyàwó má bàa fi ilé ta tẹ́tẹ́ kí ọkọ ẹ̀ jí sínú yìnyín."

"Ṣé tẹ́tẹ́ lo fẹ́ ta ni?"

"Ilé kọfí ni mo fẹ́ rà. Ìwọ lo máa sọ bóyá tẹ́tẹ́ ni." Ó tẹ etí pẹ̀rógì kan pọ̀. "Mo fẹ́ ẹ gan-an, Orest. Mi ò ní purọ́. Àmọ́ mi ò ní bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bá ẹ jà. Báńkì ní n má ṣe é."

Orest ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó gbọ́ ò ju pé báńkì ò lè ṣe nǹkan kan láìsí òun. Bílẹ̀ ṣe mọ́, ó ti gbé e dé tábìlì Nettie.

"Ẹ̀yin àgbà, báńkì ò lè mí láìsí ìbuwọ́lù mi. Lesia fẹ́ ra ibí yìí, wọ́n sì ní àfi témi bá fọwọ́ sí i. Gbogbo owó inú àpótí irin wọn ti jókòó, ó ń retí bírò mi."

Baba Metro ń ro kọfí bí ẹni ń wa kànga. "Ìbuwọ́lù ẹ? Lọ́dọ̀ lọ́yà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ìwọ nìkan nínú yàrá pẹ̀lú lọ́yà?"

"Èmi nìkan ṣoṣo."

"Lesia á wà nínú ọkọ̀ níta?"

Orest gbé ife ẹ̀ tó ti ṣófo sẹ́nu, ó sì ń mu ún.

Gbogbo Stavky ló mọ bí nǹkan yẹn ṣe máa ń lọ. Ọjọ́bọ̀ ni lọ́yà máa ń wá láti ìlú kejì, á jókòó sínú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tó wà ní òdìkejì títì, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí fèrèsé Nettie gbọnrangandan. Tí tọkọtìyàwó bá fẹ́ fi ilé yáwó, ẹni tó nilé kì í bá wọn jókòó. Inú ọkọ̀ ló máa wà, á máa tan ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ gbóná. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí lórí ìwé ló máa wọlé lọ ní òun nìkan, kí lọ́yà lè bi í bóyá wọn ò fipá mú un. Torí náà, tí tábìlì Nettie bá ti wo ìta lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n rí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ẹni tó wọlé, wọ́n ti mọ ẹni tó nilẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé Ọjọ́bọ̀ yìí ni?" Baba Metro bi í.

"Ó ṣeé ṣe."

"Nettie, jọ̀ọ́ bá mi nu fèrèsé yìí kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ojú mi ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, Orest ò sùn dáadáa mọ́. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó dá ni pé kí Lesia wọlé, kóun dúró nínú ọkọ̀, kí lọ́yà wá bá òun nínú ọkọ̀, kóun fọwọ́ sí i níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀bùrú. Lesia rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ṣé kí n wọ ṣòkòtò ẹ ni, kí n fi irùngbọ̀n kún un?"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

"Baálé mi, ta lò ń sá fún? Baba Metro? Baba Metro tí kò mọ ibi tí eyín ẹ̀ wà?"

"Kì í ṣe Baba Metro. Gbogbo wọn ni."

Lesia ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò ó díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni pé kóun gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí Lesia tó gbé ọkọ̀ dúró tán, Orest ti fò bọ́lẹ̀, ó ti kọrí sẹ́yìn ilé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé yìnyín ẹ̀yìn ilé yẹn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n tò léra. Ó wọ̀ ọ́ dé ìbàdí, ó lúwẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀kùn, ó fa ilẹ̀kùn. Yìnyín ti lẹ̀ ẹ́ pa látoṣù kọkànlá. Bó ṣe tún lúwẹ̀ẹ́ padà nìyẹn, ó gba iwájú wá, funfun bí ìyẹ̀fun látorí dé ẹsẹ̀. Ojú mẹ́fà ló ń wò ó láti fèrèsé Nettie. Ẹnì kan gbé ife sókè, ó fi kí i.

Ms. Glenda Friesen, lọ́yà náà, jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó dá ayé. Kì í ṣe òun ló kọ ìwé báńkì, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ òun láá jẹ́rìí sí i. Ó wo Lesia tó tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀ wọlé.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ jókòó sínú ọkọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó dúró, Mà," ni Orest sọ. "Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún ìyàwó mi."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó máa jáde."

Lesia jáde. Orest gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún, ó sì rí i láti ojú fèrèsé tó juwọ́ sí tábìlì Nettie, wọ̀ọ̀, bí ọbabìnrin. Ọkàn ẹ̀ bọ́ sínú bàtà.

"Ọ̀gbẹ́ni Hnatiuk, ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú yín wá síbí?"

"Èmi? Mo ti fọwọ́ kan gbé ọmọ màlúù méjì sọdá odò rí."

"Mi ò béèrè nípa màlúù."

"Wọn ò fipá mú mi, Mà."

"Ó dáa. Ẹ ò ni ilé yìí lórí ìwé, ẹ mọ̀yẹn. Àmọ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ kan tí kò kéré: ẹ lè sọ pé rárá. Tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, báńkì ò lè gbà á dógò, ọ̀rọ̀ parí. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, tí Lesia ò sì rí owó san, wọ́n lè ta ilé náà. Ẹ ò ní lè jáde sí wọn kẹ́ ẹ ní ẹ̀yin náà ń sùn níbẹ̀."

"Gbèsè náà á wá di tèmi?"

"Rárá. Lesia ló yáwó, Lesia ló jẹ ẹ́. Ìwé yìí kàn sọ pé ẹ gbà kí wọ́n gba iwájú yín kọjá ni. Èyí kejì yìí ló yàtọ̀." Ó fi ìka tẹ ìwé mìíràn. "Báńkì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe onídùúró. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí èyí, tí ilé bá tà tí owó ò pé, wọ́n á wá bá ọkọ̀ yín, wọ́n á wá bá ẹ̀rọ wẹ́dà yín, wọ́n á sì gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín kó tó dọ́wọ́ yín. Òfin ò ní dandan ni kẹ́ ẹ gba èyí."

"Ẹ kó méjèèjì wá." Orest ti mú bírò. "Mà, ọkùnrin ni mí. Mo lè ṣe onídùúró fún gbogbo Stavky, kí n tún fi àwọn ẹran wọn kún un."

Lọ́yà gbé ọwọ́ lé ìwé náà, jẹ́jẹ́. Orest fa ìwé. Ìwé ò mira. Ọwọ́ kékeré yẹn wúwo bí ẹ̀rọ ìkórè.

"Ọ̀gbẹ́ni Hnatiuk, ẹ ti sọ ohun tí ọkùnrin máa ń ṣe. Kí lẹ̀yin fẹ́?"

Orest gbé bírò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn rí. Òun pàápàá ò bi ara ẹ̀ rí, ariwo ẹnu ẹ̀ kì í jẹ́ kó gbọ́.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ jókòó síwájú lọ́yà báyìí rí, nígbà tí bàbá ẹ̀ fẹ́ fi ilé wọn yáwó ra ẹ̀rọ ìkórè tuntun. Wọ́n ní kó dá wọlé, ó dá wọlé. Wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ń mi orí. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe é kíá, màlúù ń retí òun. Ọdún kejì ni ọ̀dá dá, ilé sì lọ. Orest ló gbé fìtílà jáde, ọmọ kékeré ni nígbà náà. Yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ni wọ́n kó lọ, níbi tí wọ́n ti ní kó má ṣe sáré, kó má ṣe fẹsẹ̀ kilẹ̀, ibí yìí kì í ṣe ilé yín. Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí Orest bá gbórí lé, á ní ilé òun ni. Kódà yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó sùn lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, ilé òun ló pè é.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún lé mi jáde nílé," ló sọ. Ohùn ẹ̀ kéré débi pé òun fúnra ẹ̀ wẹ̀yìn wo ẹni tó sọ̀rọ̀. "Mi ò sì fẹ́ kí Lesia wò mí lọ́jọ́ iwájú kó ní èmi ni ò jẹ́ kóun ṣe é."

"Méjèèjì ló tọ́ sí yín láti rò. Mi ò ní bá yín rò ó. Mo wà níbí títí di agogo mẹ́rin."

Orest jáde. Lesia sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti parí?"

"Kò tíì parí."

"Wọ́n ní n má bá ẹ sọ ọ́."

"Má sọ ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ojú mi ni mo fi ń wò ẹ́."

Orest kọjá títì. Tí wọ́n bá fẹ́ pa á, kí wọ́n pa á. Ó wọ ilé kọfí Nettie, ó jókòó sáyè ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi yìnyín ń ro tó tó lára ẹ̀.

"Lánlọ́ọ̀dù," ni Baba Metro sọ, "ṣòkòtò ẹ ń sunkún."

"Ilé yẹn kì í ṣe tèmi," ni Orest sọ. "Lesia ló ni ín. Ilé, kànga, oko, gbogbo ẹ̀. Mo ti ń purọ́ fún yín látọjọ́ tó pẹ́."

Nettie gbé kọfí síwájú ẹ̀. Ó ní, "Orest, gbójú sókè."

Ó gbójú sókè. Máàpù àwọn oko Stavky ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí ẹ̀, irú èyí tí ọ́fíìsì àgbègbè máa ń tà fáwọn àgbẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ onílẹ̀ sínú gbogbo oko níkọ̀ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀ kó tó dé Stavky. Nínú oko tí ilé wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: L. Wasyliw. Ọdọọdún ni Orest ti ń jókòó sábẹ́ orúkọ yẹn tó ń pariwo "ilé mi".

"Kò sí ọjọ́ tó o gbójú sókè rí?" Nettie bi í.

"Nígbà wo ló máa gbójú sókè," ni Baba Metro sọ, "nígbà tó jẹ́ pé iwájú ni ẹnu ẹ̀ wà? Ọmọ mi, kí lo rò pé a fi ń pè ẹ́ ní Lánlọ́ọ̀dù? Èmi ní ilé mẹ́ta, ta lo gbọ́ tó pè mí ní Lánlọ́ọ̀dù rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé sọ́ọ̀sà fò lórí tábìlì. Orest náà rín díẹ̀, kò sí ohun míì tó lè ṣe. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ìtìjú tó ti ń sá fún látọdún wọ̀nyẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rù ló kù, ìyẹn ò sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Mà," ló sọ fún Nettie, "ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ibí yìí ń mówó wọlé?"

Nettie fa àga, ó jókòó, nǹkan tí kì í ṣe láàárọ̀. "Kò ní sọ yín dolówó. Àwọn wọ̀nyí á mu kọfí kan, wọ́n á jókòó títí àga á fi hu gbòǹgbò. Àmọ́ mo tọ́ ọmọ mẹ́rin níbí. Ọdún kan wà tó fẹ́ rì. Gbèsè ibí kò sí lọ́rùn ọkọ mi, iṣẹ́ ojú irin lòun ń ṣe, owó oṣù ẹ̀ la fi dáná títí tọ́dún fi yí. Ṣé o ti lọ pẹja lórí adágún tó dì, nígbà tí yìnyín ẹ̀ ti ń rọ̀?"

"Mo ti lọ. Ẹja tí mo pa nígbà yẹn, ojú ẹ̀ nìkan…"

"Dákẹ́ ẹja. Ṣé ìwọ àti ẹnì kejì ẹ lẹ jọ ń gun yìnyín?"

"Rárá. Ẹnì kan á dúró sí etí omi, á di okùn mú."

Nettie dìde, ó lọ wo páì ẹ̀ nínú ààrò.

Orest mu kọfí ẹ̀ tán láìsọ̀rọ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Stavky dó. Ó wá padà kọjá títì, ojú ọ̀nà iwájú, ní gbangba, ó sì wọlé bá lọ́yà.

"Mo gba ti ilé. Mi ò gba ti onídùúró."

"Ṣó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di okùn mú."

Lọ́yà ò béèrè okùn wo. Ó pe báńkì. Báńkì kùn, báńkì wú bí ọ̀pọ̀lọ́, ó ní tí kò bá sí onídùúró, owó náà máa dín kù: á tó ra ilé kọfí, kò ní tó ra sítóòfù tuntun. Sítóòfù Nettie sì ti dàgbà débi pé Nóà ló fi í dáná nínú ọkọ̀. Lọ́yà ṣàlàyé ẹ̀ fún Orest, ó ní kó lọ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá fẹ́. Orest ní sítóòfù kì í ṣe ìdí láti kó wẹ́dà sí gbèsè, wẹ́dà ló máa ṣe sítóòfù. Wọ́n pe Lesia lórí fóònù nínú ọkọ̀, òun náà gba iye tuntun náà. Báńkì tún ìwé kọ, ó fi ránṣẹ́. Orest kà á láti òkè délẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ, ó bi lọ́yà ní ohun tí kò bá yé e. Lọ́yà tún bi í bóyá wọn ò fipá mú un. Ó ní rárá. Kò mẹ́nu ba màlúù. Ó fọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀, Lesia ò tíì ṣíná. Ó gbọ́wọ́ lé síárìn ọkọ̀.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n yọ onídùúró."

"Èmi ni."

"O ò gbà mí gbọ́ nìyẹn."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Mo gbé gbogbo ilé lé ẹ lọ́wọ́."

"Ilé mi lo gbé lé mi lọ́wọ́."

"Ilé ẹ. Mi ò lè gba ibòmíì sùn, Lesia, kò sí ibòmíì. Mo sì fọwọ́ sí i." Ó ń nu omi yìnyín kúrò lórúnkún ẹ̀. "Àmọ́ tí yìnyín bá sán, tí àwa méjèèjì sì wà lórí ẹ̀, ta ló máa fa ta? Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, màá fi ẹ̀rọ wẹ́dà mi fà ẹ́ jáde, àti ìwọ àti ilé kọfí àti Baba Metro pẹ̀lú àga ẹ̀."

Lesia yíjú sí i. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo rò ó."

"Orest."

"Nettie ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣíná ọkọ̀. "Sítóòfù mi ńkọ́?"

"Màá jó irin kan pọ̀ fún ẹ, wọ́n á máa rí èéfín ẹ̀ látinú òṣùpá."

"Sítóòfù tí kò ní èéfín ni mo fẹ́."

"Ìyẹn náà ń bẹ. Ó kéré sí i díẹ̀."

Ìyẹn náà ló ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, kò sì ṣàlàyé bóyá ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó gbà á. Lẹ́yìn Àjíǹde, Nettie fi kọ́kọ́rọ́ lé Lesia lọ́wọ́, tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ayé padà.

"Orest, ta ló ni ilé kọfí yìí?" ni Baba Metro béèrè láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò pè é ní Lánlọ́ọ̀dù mọ́. Adùn ẹ̀ ti tán.

"Ìyàwó mi ni."

"Ilé tó ò ń sùn ńkọ́?"

"Òun náà ni. Ẹ wò ó lára ògiri, Baba."

"Kí wá ni tìẹ?"

"Rárá," ni Orest sọ. "Ọ̀rọ̀ rárá ni tèmi. Gbogbo báńkì Saskatchewan ló kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n ń sunkún, omijé wọn dì títí dé ilẹ̀kùn…"

Lesia gbé kọfí síwájú ẹ̀, ó sì na ọwọ́. Orest ní kó kọ ọ́ sóun lọ́rùn, òun á san án lópin oṣù. Lesia ò fa ọwọ́ ẹ̀ padà. Ó ní ẹni tó kọ̀ láti bá òun jẹ gbèsè ò lè máa jẹ òun ní gbèsè.

Orest tú àpò ṣòkòtò ẹ̀, ó sì sanwó.